Èdè-Ìperí fún Àtẹ Àṣẹ Lórí Pẹpẹ Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà Lisa jáde. Lókè ojú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ kan wà. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, àwọn àṣẹ tí ó fara pamọ́ yóò tò sí abẹ́ rẹ̀. Lónìí, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wà lórí pẹpẹ irinṣẹ́ pẹ̀lú, èyíinì ni ìlà bọ́tìnnì tí ó wà lókè ojú ètò kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí ohun tí ó ń já bọ́. Bí wọ́n bá túmọ̀ èyí ní tààrà sí ‘àkójọ ajábọ́’, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ní etí òkun Àgbádárìgì, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí, ohun tí ó bá ń já bọ́ láti òkè, sísá ni ènìyàn ń sá fún un.

Àtẹ ni ó bá a mu jù, nítorí pé orí àtẹ ni oníbàárà ti ń wo ọjà kí ó tó mú èyí tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n àtẹ ọjà kì í fara pamọ́. Nítorí náà, ‘àtẹ aṣeéṣí’ ni ó yẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ gírámà ti ń lo ‘aṣeékà’ fún ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ètò ìṣirò fún oníṣòwò àgbọn yóò kọ́kọ́ dá àṣẹ kọ̀ọ̀kan, yóò so ó mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, yóò kó wọn sínú àtẹ, lẹ́yìn náà ni yóò so àtẹ mọ́ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì aṣí-àtẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ṣí àtẹ lọ. Ti bọ́tìnnì ojú-méjì yàtọ̀: bí wọ́n bá tẹ ara rẹ̀, àṣẹ yóò ṣẹ lójú ẹsẹ̀; ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣí àtẹ. Àṣẹ tí ó léwu kò gbọdọ̀ jókòó sí ara bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó kàn fẹ́ wò má baà pa àkọsílẹ̀ àná rẹ́.

Ògù ni èdè àbínibí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àgbádárìgì. Èdè kejì ni Yorùbá jẹ́ fún wọn. Bí ‘Pa á dé’ àti ‘Pa á rẹ́’ bá tẹ̀lé ara wọn nínú àtẹ kan, ‘Pa’ ni irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá sì fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ láti fi ṣe ọ̀nà àbùjá lórí pátákó ìtẹ̀wé, P kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa jà sí. ‘Nù ún kúrò’ ni kí ó dípò èkejì, kí ìlà tín-ín-rín sì pààlà láàárín wọn.