“Ìfàmu” àti “Ìfọ́nká”: Èdè-Ìperí fún Wíwọn Ìmọ́lẹ̀ nínú Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn

Ohun méjì ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀. Ó ń gba apá kan sínú, agbára rẹ̀ a sì di ooru. Ó ń yí apá kejì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ṣì jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ohun tí a ń wọ̀n.

Àyẹ̀wò kékeré kan fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí a bá da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pọ̀ mọ́ omi oníyọ̀ ìwọ̀n 0.9% nínú ìgò, àdàlù náà kì í mọ́ gaara. Bí ó bá jẹ́ omi tí kò ní iyọ̀ rárá ni a lò ní iye kan náà, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò wú, yóò sì bẹ́. Àdàlù náà yóò ṣì pupa, ṣùgbọ́n yóò mọ́ débi pé a lè ka ìwé tí ó wà lẹ́yìn ìgò. Hẹmogílóbíìnì, èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn, kò dínkù. Sẹ́ẹ̀lì tí ń darí ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni kò sí mọ́.

Fún ti àkọ́kọ́, “ìfàmu” ni ó yẹ. Ilẹ̀ gbígbẹ a máa fa omi mu, a kì í sì í rí omi náà mọ́. Fún ti èkejì, “ìfọ́nká” ni ó bá a mu. Àgbẹ̀ tí ó fọ́n irúgbìn ká kò pa irúgbìn run. Ibi tí ó bọ́ sí ni ó yàtọ̀. “Ìtúká” kò dára níhìn-ín, nítorí ó wúlò jù fún ìmọ́lẹ̀ tí ó pín sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí ti òṣùmàrè. “Ìdínkù ìmọ́lẹ̀” ni kí a fi pe àpapọ̀ ìfàmu àti ìfọ́nká.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn èdè. Ní 1974 ni Takuo Aoyagi, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Jàpáànì, gbé ìlànà ẹ̀rọ tí a ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà ń lò: pupa, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 660, àti èyí tí ojú kò lè rí, tí tirẹ̀ jẹ́ 940. Hẹmogílóbíìnì tí kò gbé ọ́síjìn ni ó ń fa ti 660 mu jù. Èyí tí ó gbé e ni ó ń fa ti 940 mu jù. Ṣùgbọ́n ìfọ́nká ń mú kí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ gùn ju bí ìka ti nípọn tó lọ. Ìṣirò ìfàmu nìkan kò tó. A ní láti fi òǹkà ẹ̀rọ wé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. Mẹ́lánììnì tí ó wà nínú awọ dúdú náà sì ń fa ìmọ́lẹ̀ mu. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláìsàn adúláwọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun.

Nítorí náà, “ìmọ́lẹ̀ dínkù” nìkan kò tó nínú ìwé tí a fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Kí a sọ bóyá ìfàmu ni tàbí ìfọ́nká. Bí ó bá sì jẹ́ ìfàmu, kí a sọ bóyá ti ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ti awọ. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní fi òǹkà ojú ẹ̀rọ nìkan tán ọ̀rọ̀ nígbà tí aláìsàn ń mí hẹlẹ níwájú rẹ̀.