Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn Fún Àwa Tí A Fẹ́ Ṣọdún Kérésì

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìmọ̀ràn ńlá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí gbà wá, ṣùgbọ́n bí ọdún Kérésì bá ti ku dẹ̀dẹ̀ ni a máa ń gbàgbé rẹ̀ jù. Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bó, àwọn ọmọ ti gba ọlidé, orin Kérésì sì ti gba gbogbo rédíò. Ọwọ́ ń yún ni láti náwó. Ọdún dùn, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ: àwọn èèyàn tó jókòó yí oúnjẹ ká ló ń mú ọdún dùn, ìfọ̀kànbalẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí adùn náà pẹ́. Ẹni tó bá di èyí mú, á mọ ibi tó yẹ kó náwó sí, á sì mọ ibi tó yẹ kó ti ṣọ́wó ná.

Ọdún Kérésì ti pẹ́ láàárín wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán níṣẹ́ bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésì ní ìlú náà kí Townsend tó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843. Lónìí, Kérésì ti kúrò ní ti onígbàgbọ́ nìkan. Ilé onígbàgbọ́ á bu ìrẹsì fún mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, bí Iléyá bá sì dé, ẹran á ti ọ̀dọ̀ mùsùlùmí wá. Ìlú púpọ̀ ló fi ọjọ́ ìlú wọn sí ọ̀sẹ̀ Kérésì, torí wọ́n mọ̀ pé àsìkò yẹn ni ọmọ ìlú á wálé. Bó pẹ́ bó yá, ilé làbọ̀ sinmi oko.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó ni ká fi ṣáájú. Kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n mú bébà àti bírò. Kí wọ́n tó kọ ìrẹsì tàbí adìẹ sílẹ̀, ohun oṣù Kìn-ín-ní ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ: owó ilé ìwé sáà kejì, owó ilé bí ó bá bọ́ sí àsìkò náà, owó ọkọ̀ tí a ó fi padà síbi iṣẹ́, àti oúnjẹ títí owó oṣù yóò fi dé. Owó oṣù tí wọ́n tètè san ní oṣù Kejìlá kì í ṣe ẹ̀bùn. Òun náà la ó máa jẹ títí oṣù Kìn-ín-ní yóò fi parí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí ni ìtẹ́ wa. Òun ni ká fi ra oúnjẹ, òun ni ká fi dá aṣọ, òun náà ni ká ti yọ owó ọdún fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ kékeré.

Ẹ má yáwó ṣọdún. Àwọn ayánilówó orí fóònù pọ̀ lóde báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó wọn fi ń wọlé. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí i san, èlé á gorí èlé, àwọn kan nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ḿbà wọn wà lórí fóònù ẹni: ọ̀gá ibi iṣẹ́, àna, pásítọ̀. Bí ẹ bá rí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó ń forí lé ọ̀nà yẹn nítorí àríyá, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí. Kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta jọ ra àpò ìrẹsì kan, oníkílò 50, kí wọ́n fi kóńgò wọ̀n ọ́n pín. Ó sàn ju kí kálukú máa ra kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ́jà tí ọdún bá ti wọlé tán. Ata náà ò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ Kérésì kí a tó lọ̀ ọ́. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, kí ẹ gbé e kaná láìtíì da òróró sí i, títí omi rẹ̀ yóò fi fà tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da òróró sí i, kí ẹ máa rò ó kó má baà jó nídìí, títí òróró yóò fi léfòó, tí kíkan tòmátì yóò sì kúrò lẹ́nu. Ata tí a dín débẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Bí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ ọdún, ẹran àti iyọ̀ ló kù, ìyá ilé á sì ráyè wẹ̀, á ráyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì jókòó bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí. Nínú ilé púpọ̀, gbogbo èèyàn ló ń ṣọdún àfi ẹni tó ń dáná. Kò dára. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí bàbá ilé pa adìẹ, kó sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọkùnrin gún iyán, kí wọ́n pọnmi. Kí àwọn ọmọ kékeré bó àlùbọ́sà, kí wọ́n fọ abọ́. Iṣẹ́ tí a bá jọ ṣe ni yóò mú ìtàn àti ẹ̀rín wá, ọmọ tó bá sì ti kékeré mọ iṣẹ́ ilé kò ní ni ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lára lọ́la.

Ní ti aṣọ, rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí ẹbí bá fẹ́ dá aṣọ, kí wọ́n mú èyí tí apá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu láàárín wọn lè ká. Àǹkárá tí gbogbo wa wọ̀ tinútinú sàn ju léèsì tó lé arábìnrin kan jókòó sílé. Ẹ tètè gbé aṣọ fún télọ̀, torí ẹni tó bá gbé tirẹ̀ dé ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá á bá ọ̀pọ̀ aṣọ níwájú tirẹ̀. Bí owó kò bá sì sí, aṣọ tí ọmọ wọ̀ síbi ìgbéyàwó láìpẹ́ yìí, tí a fọ̀ tí a sì lọ̀ kó dán, aṣọ ọdún náà ni.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ẹni tó bá sì ti há sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láàárín Berger sí Ibafo àti Mowe mọ̀ pé ọ̀nà yẹn lè jẹ odidi ọjọ́ kan mọ́ni lọ́wọ́ nínú oṣù Kejìlá. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ 24 kí ẹ tó gbéra. Ẹ yẹ táyà àti bíréèkì wò. Ẹ jí lọ ní ìdájí, kí oòrùn tó wọ̀ kí ẹ ti dé. Bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, kí èrò ọkọ̀ pohùn pọ̀ bá a wí.

Bí ẹ bá délé, ẹ kí àwọn àgbà kí ẹ tó kí ọ̀rẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ fún wọn, ẹ ti yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ẹ má fi ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ díwọ̀n ìfẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó wálé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo tó sì gbá àgbàlá, ó ṣọdún. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ohun tí ẹbí béèrè, kó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n á sì tún rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún bá wà nílẹ̀, ẹ má gbé e kalẹ̀ sídìí oúnjẹ ọdún. Ẹ mú ọjọ́ 27 tàbí 28 fún ìpàdé ẹbí, kí àgbà kan jókòó sí i, kí ẹnì kan sì kọ àdéhùn sílẹ̀.

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí kálukú ráyè fún ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ wo bọ́ọ̀lù, kí àwọn àgbà ta ayò. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kan wà nídìí ọpọ́n náà: ihò mẹ́fà níwájú rẹ̀, mẹ́fà níwájú ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí bàbá àgbà máa fi sùúrù kọ́ ọ bí a ṣe ń ka 48 náà lọ́kàn. Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ wá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà. Ọmọ tó jẹ́ pé orúkọ ilé ìwé nìkan ni wọ́n fi ń pè é ní Èkó, tí ìyá àgbà bá pè é ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, tó wá ki oríkì ìdílé lé e, orí ọmọ náà á wú. Ẹ tan fóònù kó gba ohùn màmá sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ ilé náà, ibi tí ẹbí ti ṣí wá, àti èèwọ̀ ìdílé.

Àwọn kan kò ní lè wálé. Ní London, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Kérésì. Ẹni tó bá dá gbé níbẹ̀, kó ti lọ sùn sọ́dọ̀ ará láti ọjọ́ 24. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Ìbàdàn, aago kan ni ní London, aago méje àárọ̀ sì ni ní Houston. Ẹ fi àsìkò yẹn sí ìpè, kí gbogbo wa jọ ṣàdúrà. Ilé tí ẹnì kan ti kú nínú ọdún náà ń kọ́? Ẹ má sọ pé wọn ò ṣọdún. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè.

Ní ìparí, oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún Kérésì tó ń bọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá alájọ tí ọjà mọ̀ sí olóòótọ́. Ká ní ẹ ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 ni. Bí alájọ bá yọ ti ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, 14,500 ló kù. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, 145,000 náírà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin Kérésì. Àwọn ìyá ọjà mìíràn ń dá àjọ oúnjẹ, tí wọ́n á pín ìrẹsì àti òróró nínú oṣù Kejìlá. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.