Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Ó Ńbọ́ Lọ́wọ́ Oògùn Olóró

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́, nínú òwe Olúwa wa ní Mátíù orí 12, ilé tí a gbá mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣófo ni ẹ̀mí àìmọ́ padà sí, tí òun ti méje mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọmọ tí a gba oògùn ikọ́ oníkodéìnì tàbí tramadol lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò sì fi ohunkóhun dípò.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti ọdún 2018 fihàn pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64, ó lé ní 22 tí ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, láìka ọtí àti tábà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ oníkodéìnì. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi iṣẹ́ sí ọmọ lọ́wọ́.

Àwọn oníṣègùn kan wà tí wọ́n ńfi iṣẹ́ ṣe ìwòsàn. Wọn a bèèrè bí ọmọ ti ńlo ọjọ́ rẹ̀: ìgbà wo ni ó ńjí? Ta ni ó ńbá rìn bí ilé-ẹ̀kọ́ bá túká? Kíni ó fẹ́ràn kí oògùn tó dé? Nípa báyìí ni wọ́n fi ńmọ wákàtí tí ewu wà, wọn a sì fi iṣẹ́ sí i. Díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ebè ewédú kan ṣoṣo, títí ọkàn rẹ̀ yíò fi tún lè dúró lórí ohun kan parí.

Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà T. A. Lambo ti mú kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí wọ́n sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ nígbàtí wọ́n ńgba ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsára, ẹ̀yin olùkọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, oko ríro ni ìjìyà ẹnití ó pẹ́ dé. Bí a bá gbé àdá lé ọmọ yìí lọ́wọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ìtìjú ni yíò kà á sí. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó bá wa yan iṣẹ́ náà: ti ẹlòmíràn ìlù ni, ti ẹlòmíràn iṣẹ́ káfíńtà, ti ẹlòmíràn adìẹ sísìn. Àwọn kan yíò wí pé ìkẹ́jù ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí dókítà kọ́kọ́ rí i, nítorí àpọ̀jù tramadol a máa dá gìrì sílẹ̀, ìdádúró òjijì a sì máa mú ara ríro àti àìlèsùn wá. Lẹ́hìn èyí, kí a yan olùkọ́ kan tí yíò máa dúró dè é ní wákàtí ewu náà lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé òwúrọ̀.