Òkè Kì Í Ṣe Etí Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Gbájì, mo gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ lọ wo adágún Iyake lórí òkè Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Ó dáa. Àmọ́ sílípáàsì tí ẹ fi ń rin yanrìn etí òkun wa, ẹ fi í sílé. Àtẹ̀gùn 369 ni ẹ ó kọ́kọ́ gùn, kí ó tó kan àpáta gan-an. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án, a máa yọ̀ bí ilá. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ sùn sí Ìṣẹ́yìn, kí ẹ gun òkè náà ní kùtùkùtù. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni òjò àkọ́rọ̀ yẹn sábà máa ń dé, tòun ti ìjì àti àrá, ibi ìforípamọ́ sì ṣọ̀wọ́n lórí àpáta gbalasa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kódà kó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ débẹ̀. Ẹ mú omi dání, ẹ sì bẹ ọmọ ìlú kó mú yín lọ.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni omi adágún náà. Ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ láti kékeré, mo mọ̀. Ẹ má bọ́ sínú rẹ̀! Omi ọ̀wọ̀ ni lójú àwọn tó ni ín, ẹ ò sì mọ bó ṣe jìn tó. Ẹ ya fọ́tò yín, ó tó.

Owó ọkọ̀ àbọ̀ ńkọ́? Ẹ yà á sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o.