Ìdíje Oníjó Lórí Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Ní ọjọ́ ìdíje eré sísá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, kì í ṣe àwọn tí ń sáré nìkan ni ojú ń wò. Lẹ́bàá pápá ni àwọn ọmọbìnrin máa ń tò sí, tí wọn yóò so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ilé wọn mọ́ ọwọ́, tí wọn yóò máa kọrin, tí wọn yóò sì máa jó kí ara lè yá ẹni tí ń sáré bọ̀. Bí eré bá parí, ẹni tí ó sáré ni yóò gba ife ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó jó yóò wá omi mu, yóò sì gba ilé lọ. Ṣàṣà ènìyàn ni í bi í léèrè pé ọjọ́ mélòó ni ó fi kọ́ ijó náà.

Ní agbègbè ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ijó ẹ̀bá pápá bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ń dù bí ẹni ń du oyè. Ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù kan ń bẹ níbẹ̀ tí à ń pè ní Dallas Cowboys. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá. Àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́ sáré. Láti ọdún 1972 ni ẹgbẹ́ náà ti ní àwọn oníjó tí a fi ìdánwò ṣà, tí wọ́n ń wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù àti funfun, tí wọ́n sì ń jó níwájú èrò bí eré bá ti ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan bẹ̀rẹ̀ sí fi bí a ti ń ṣa àwọn oníjó náà han aráyé, ètò náà sì ń bá a lọ títí di ọdún 2021. Nígbà tí ó di ọdún 2024, Netflix gbé irú rẹ̀ mìíràn jáde. Àwọn oníjó gan-an ni à ń wò níbẹ̀, kì í ṣe àwọn òṣèré. Ẹni tí ń sunkún, ẹkún ara rẹ̀ ni ó ń sun. Lónìí, ẹni tí ó bá ní fóònù àti dátà lè jókòó sí Ìkẹ́rẹ́ kí ó máa wò wọ́n, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí a mú.

Ìdánwò náà le. Àwọn tí ó fẹ́ wọlé a kọ́kọ́ fi àwòrán ijó wọn ránṣẹ́. Àwọn tí ó bá yege a wá síwájú àwọn adájọ́. Wọn a jó, wọn a ju ẹsẹ̀ sókè títí yóò fi dé ọ̀gangan ojú, wọn a fi ẹnu dáhùn ìbéèrè, wọn a sì kọ ìdánwò sínú ìwé. Lẹ́yìn èyí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, nínú èyí tí a ti ń dá wọn padà sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku bí ẹni mẹ́rìndínlógójì. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ẹni tí ó ti jó fún wọn ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni yóò tún dúró lórí ìlà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Oníwòran tí ó bá fẹ́ rí òtítọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí ó máa wò, kì í ṣe ẹnu. Ẹnu kò ní sọ ohunkóhun fún un, nítorí pé ẹ̀rín wà lára ohun tí a fi ń gba máàkì. Ibì kan wà nínú ijó wọn tí gbogbo wọn ti ń fò sókè, tí wọn yóò sì balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, tí itan méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀. Ẹnì kan lára àwọn tí ètò ọdún 2024 fi hàn ní láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìbàdí. Àwọn Yorùbá a máa wí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ibí yìí, kíkọ́ ni a kọ́ ọ.

Ilẹ̀ Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2006, Kafayat Shafau, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kaffy, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó ní Èkó fún wákàtí tí ó lé ní 55, orúkọ wọn sì wọ ìwé Guinness. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìdíje Maltina Dance All bẹ̀rẹ̀, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń jó pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré: bí a bá dá ìdílé padà, wọn a di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ sílé. Ọmọbìnrin Dallas, òun nìkan ni í gbé báàgì rẹ̀.

Bí ìyá àgbà bá jókòó ti àwọn ọmọ tí ń wo irú ètò bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bèèrè ohun tí àwọn ọmọ kò rántí bèèrè: "Èló ni wọ́n ń san fún un?" Ní Èkìtì, ẹni tí ó bá jó tí ó dùn mọ́ni níbi ìnáwó, lójú ẹsẹ̀ ni a ó ti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ti Dallas kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá eré wọn ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ènìyàn, ẹgbẹ́ náà sì wà lára àwọn tí ó lówó jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá àgbáyé. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jó fún wọn pè wọ́n lẹ́jọ́; ó ní dọ́là 8 ni òun ń gbà fún wákàtí kan, àti dọ́là 200 fún ọjọ́ eré kan. Ní ọdún 2019 ni a fi ìtùnbí-ìnùbí parí ẹjọ́ náà. Iṣẹ́ mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jẹun. Láti ẹnu iṣẹ́ ni wọn a gba ibi ijó lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2025 ni àwọn tí ń wo apá kejì ètò Netflix rí bí àwọn oníjó ti dìde láti bá àwọn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ owó, tí wọ́n sì gba àfikún tí a sọ pé ó tó 400 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá yìí ni ó dára jù nínú ètò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ijó kò pọ̀ níbẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ pàápàá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, àmọ́ igi gbígbẹ́ ni ó fà á, kì í ṣe ijó. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà. Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì wu àwọn ará British Museum débi pé wọ́n fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀.

Ìbéèrè ìyá àgbà, ìbéèrè Ògògà ni. Bí ètò bá ń lọ sópin ní alẹ́, a óò pe ọmọbìnrin kan wọ inú ọ́fíìsì, a óò sì sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí a mú. Ọmọbìnrin náà yóò dúpẹ́, yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì gbé báàgì rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ tí ń wò ó yóò pariwo pé wọ́n ti yàn án jẹ. Ìyá àgbà yóò sì tún bèèrè bóyá wọ́n fún un lówó ọkọ̀ kí ó tó lọ.