Bí A Ṣe Lè Mọ Wákàtí tí Ìjì Yóò Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹrin, nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé kékeré kan. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wà lórí pápá, èmi ni mo sì ń mójú tó wọn. Oòrùn mú gidigidi. Mo rí i pé ìhà ìlà-oòrùn ti ṣú, ó dúdú bí aró. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn díẹ̀ tí ó kan wá lára ti ń fẹ́ wá. Mo wí nínú ọkàn mi pé òjò náà kò lè kọjú ìjà sí afẹ́fẹ́, ibòmíràn ni afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ. Ogún ìṣẹ́jú kò pé lẹ́yìn èyí tí ẹ̀fúùfù fi dé. Eruku bo pápá, páànù méjì ṣí kúrò lórí ilé-ìwé, ó ń fò lọ bí ewé, àwọn ọmọ sì sá lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, ibi tí ó léwu jù lọ. Ọlọ́run ṣàánú, kò sí ẹni tí ó farapa. Ṣùgbọ́n tèmi ni àṣìṣe náà, èmi tí mo ti kọ́ jọ́gíráfì, tí mo sì gba máàkì nínú rẹ̀.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ni ó ń ti ìjì kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó wà lórí ilẹ̀ wa ní àkókò òjò. Ọ̀kan ń ti inú òkun wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi, ìsàlẹ̀ ni ó sì wà. Èkejì wà lókè rẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, láti ìlà-oòrùn ni ó sì ti ń fẹ́ wá. Ó gbẹ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò bá ń já bọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí kọjá, díẹ̀ nínú omi náà a gbẹ kí ó tó kan ilẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí gbígbẹ omi ń ṣe: òun ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù, nítorí pé ara àmù ń làágùn. Bákan náà ni afẹ́fẹ́ inú ìjì ṣe ń tutù. Bí ó ti tutù, ó wúwo. Bí ó ti wúwo, ó já wálẹ̀, ó sì tàn ká ní iwájú ìjì bí omi tí a dà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ olómi tí ń ti òkun bọ̀, ó gbé e sókè, òjò tuntun sì ṣú níwájú ti àtijọ́.

Nítorí náà atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ní ọjọ́ náà kò lè dá ìjì padà. Ó ń lọ pàdé rẹ̀ ni. Òun gan-an ni oúnjẹ tí ìjì ń jẹ.

Àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ tí ń ná etíkun wa máa ń pe ìjì yìí ní tọ́nédò, orúkọ náà sì wọ inú àwọn ìwé jọ́gíráfì àtijọ́. Ó yẹ kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí a óò kọ́, nítorí pé tọ́nédò ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìjì tí ń yí po bí òòyì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ̀. Tiwa kì í yí po. Ó dàbí ògiri gígùn tí ń rìn, tí ó lè fẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti àríwá dé gúúsù, tí ó sì dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. R. A. Hamilton àti J. W. Archbold tẹ ìwé jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà ní 1945, wọ́n sì ṣe àlàyé àwọn ìjì onílà gígùn wọ̀nyí àti bí wọ́n ti ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìrìn wọn sábà máa ń tó nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà mìíràn ó lé.

Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ náà gbé di ti ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mú máàpù, kí ẹ fi rúlà fa ìlà kan láti àríwá sí gúúsù tí yóò gba Ìlọrin kọjá. Ẹ ó rí i pé ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Òṣogbo kọjá pẹ̀lú. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí 35 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn ìlà yìí. Ọ̀yọ́ tún wà ní nǹkan bí 35 sí ìwọ̀-oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsẹ́yìn sì tún wà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Ọ̀yọ́. (Kì í ṣe gígùn ọ̀nà mọ́tò ni mo ń wí, nítorí pé ọ̀nà a máa dàgbére sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ.) Bí ìjì bá dúró ṣánṣán láti àríwá sí gúúsù, a jẹ́ pé yóò kan Ìlọrin àti Òṣogbo ní àkókò kan náà, yóò sì dé Takie ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà.

Ìlú Òmù-Àrán tún ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìlà-oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, ó sì fi nǹkan bí 60 kìlómítà wà ní ìlà-oòrùn ìlà Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ẹ̀fúùfù kan Òmù-Àrán ní agogo 3 ọ̀sán, ó sì kan Ìlọrin ní agogo 4. Ìjì náà ń rin 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní agogo 4 kọjá ìṣẹ́jú 35, yóò sì dé Ọ̀yọ́ ní agogo 5 kọjá ìṣẹ́jú 10. Ọmọ kíláàsì kẹfà lè ṣe ìṣirò yìí.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣe é tán. Àwọn tí ń tajà ní Takie a máa bi àwọn onímọ́tò tí ó ti Ìlọrin dé bí òjò ti rí lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó bá gbéra ní Ìlọrin ní ìṣẹ́jú tí ẹ̀fúùfù dé ibẹ̀ yóò bá ìjì ní Takie, tí ó ti dé ṣáájú rẹ̀. Ìròyìn ẹnu awakọ̀ kò yára tó. Ẹni tí ó ní ará tàbí ọ̀rẹ́ ní Ìlọrin tàbí Òmù-Àrán, tí ó sì lè pè é lórí fóònù, ni ó ní ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí méjì lọ́wọ́ láti ká ọjà rẹ̀ tàbí láti kó ọmọ wọlé.

Púpọ̀ nínú àwọn ìjì wọ̀nyí ni a bí ní ìrọ̀lẹ́ lórí àwọn òkè Jos, àti lórí àwọn òkè tí ó wà ní ààlà Kamẹrúùnù, níbi tí oòrùn ti mú ilẹ̀ gíga gbóná ní ọ̀sán. Jos jìnnà sí wa ní ìlà-oòrùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Bí ìjì bá gbéra níbẹ̀ ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, tí kò sì kú sí ọ̀nà, nǹkan bí agogo 2 òru ni yóò kan ilẹ̀kùn wa. Ìdí nìyí tí òjò fi ń jí wa lójú oorun lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pè ṣì ní ojú àti etí. Afẹ́fẹ́ a dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ìkúukù dúdú tí ó tẹ̀ bí ọrun a yọ ní ìlà-oòrùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú eruku pupa nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá: mẹ́ta fún kìlómítà kan. Bí ẹ bá ka ọgbọ̀n, mànàmáná náà wà ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá, ìjì sì lè dé láàrin ìṣẹ́jú méjìlá. Ní àkókò yìí kò yẹ kí ọmọ kankan wà lórí pápá tàbí lábẹ́ igi mọ́, kí wọ́n má sì tún jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Ẹ̀fúùfù tútù ni ó ń kọ́kọ́ dé, ooru a sì dín lẹ́ẹ̀kan náà, bàròmítà a fò sókè, kí òjò tó rọ̀. Ọ̀yọ́ ni ilé Ṣàngó, àwọn tí ń sìn ín sì gbà pé Ọya aya rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀fúùfù, ni ó ń ṣíwájú rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ ìsìn níhìn-ín. Mo kàn rí i pé ẹni tí ó kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀ ti ṣọ́ ìjì dáadáa.

Ojú tí ó ga ju tiwa lọ náà ń ṣọ́ ọ. Láti 1977 ni àwọn ará Yúróòpù ti gbé sátẹ́láìtì Meteosat àkọ́kọ́ sí òfuurufú, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè. Èyí tí ń wo ìhà wa dúró sí òkè òkun Gúúsù wa yìí, èyí tí wọ́n sì gbé lọ ní Oṣù Kejìlá 2022 lè rí mànàmáná pàápàá. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Ní 2006 àwọn onímọ̀ gbé rédà sí Niamey àti sí ìhà Djougou ní àríwá Benin láti wo inú àwọn ìjì náà. Ṣùgbọ́n orí ìkúukù ni sátẹ́láìtì ń wò. Kò lè rí ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ ní pápá ilé-ìwé.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìṣirò mi kì í yẹ̀. Ìlà ìjì a máa tẹ̀, apá kan a yára ju èkejì lọ. Òmíràn a kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òjò tí oòrùn ọ̀sán dá sílẹ̀ níbi kan ṣoṣo kì í rìn jìnnà. Láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún, àti ní Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, ni ìṣirò náà wúlò jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ òkè kò jìnnà sí wa nígbà náà. Ní àárín ìgbà òjò, òjò tí ń rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó pọ̀.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Òmù-Àrán, Ìlọrin, Òṣogbo, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn pé, nígbà ìsinmi yìí, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìṣẹ́jú tí ẹ̀fúùfù tútù kọ́kọ́ kàn yín sínú ìwé kékeré kan. Kí ẹ má kọ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fúùfù ni mo fẹ́. Èmi yóò ṣe ti Takie. Nígbà tí a bá wọlé, a ó tò wọ́n sórí máàpù tí ó wà lára ògiri yàrá ìkàwé.