Ìyá Èèrà Kan Nínú Sírínjì: Bí A Ṣe Ń Sin Èèrà Nílé

Ohun tí mo fẹ́ kọ lọ́sẹ̀ yìí kò sí nínú nóòtì Bàọ́lọ́jì wa, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ibi tí a ti kọ́ nípa ìkán àti oyin, àwọn kòkòrò tó ń gbé pọ̀ bí ará ìlú kan. Èmi ń sin èèrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé wa ti rín in tán. Ìyá mi ní òun ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú omi nítorí èèrà, èmi wá ń gbé èèrà wọlé bí àlejò.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí ní Ṣakí níbí bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdí gílóòbù á kún fún kòkòrò abìyẹ́, àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, wọ́n á máa kó èsúnsún láti yan jẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo abìyẹ́ tó wá sídìí iná kọ́ ni èsúnsún. Ọmọ ìkán ni èsúnsún. Èèrà náà ní abìyẹ́ tirẹ̀ tó máa ń fò jáde lásìkò òjò. Ìbàdí ni kí ẹ wò. Ara èsúnsún lọ gbọọrọ láti orí dé ìdí, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gùn dọ́gba. Èèrà ní ìbàdí tín-ín-rín bí ẹni fi òwú so ó, ìyẹ́ iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ìwo orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

Nínú àwọn abìyẹ́ èèrà yìí, akọ kéré, orí rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í sì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá ti gun abo. Abo ló tóbi, tí àyà rẹ̀ ga. Òun ni yóò di ìyá. Bó bá ti balẹ̀, á já ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, á wá ihò wọ̀, á dá ilé sílẹ̀ lóun nìkan. Ohun tó gbà lára akọ lásìkò yẹn náà ni yóò máa fi yé ẹyin títí ayé rẹ̀. Ti ìkán yàtọ̀: akọ àti abo jọ ń wọ ihò ni, wọ́n á sì jọ máa gbé. Bí ẹ bá bi mí, ọkọ ìkán sàn ju ọkọ èèrà lọ.

Ní oṣù kẹrin, mo rí ìyá èèrà kan lára ògiri lẹ́bàá iná ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ti já ìyẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èèrà ńlá tó máa ń jáde lóru wá sídìí ṣúgà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camponotus. Òun ni mo gbà fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí kò ní oró ìdí tó fi ń ta ni, ó kàn lè gé èèyàn jẹ díẹ̀ ni. Ẹ má dán tanpẹ́pẹ́ wò o. Ìjàlọ ńkọ́? Ìyá ìjàlọ kò níyẹ̀ẹ́ rárá, kò sì lè dá ilé sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí ogun wọn pín sí méjì. Ẹni tó bá gbé ìjàlọ wọlé, òun ni yóò kó jáde. Ní ti ìkán, ẹ rántí pé igi ló gbé páànù dúró lórí wa.

Ilé tí mo ṣe fún un kò wọ́n. Mo ra sírínjì 10 ml tuntun ní kẹ́mísì, mo yọ abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń tì í. Mo fi iná àbẹ́là yọ́ ẹnu tóóró rẹ̀ pa kó má jò. Mo bu omi tó mọ́ sí i dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta, mo ti òwú wọlé títí tó fi kan omi. Òwú náà á rin, ṣùgbọ́n omi kò ní dà. Ìyá èèrà wọlé, mo fi òwú gbígbẹ dí ẹnu ńlá, torí afẹ́fẹ́ ń gba inú òwú kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ wé e sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo rò pé ìyá tó fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ jẹun, ni mo bá fún un ní ṣúgà, mo fún un ní ẹ̀kọ, mo tún fún un ní ẹran. Àràárọ̀ ni mo ń tú láílọ́ọ̀nù wò. Lọ́jọ́ kẹfà mo rí ẹyin mẹ́rin, inú mi dùn, mo pe àwọn ọmọ ilé wá wò. Lọ́jọ́ kẹjọ n kò rí ẹyin kankan mọ́. Ó ti jẹ wọ́n. Irun funfun hù lára ẹ̀kọ inú sírínjì, ìyá náà sì kú lọ́jọ́ kejìlá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí mo kàwé sí i ni mo tó mọ̀. Ìyá Camponotus kì í jẹun ní gbogbo ìgbà tó ń tọ́ àkọ́bí rẹ̀. Ẹran àyà tó fi ń fò tẹ́lẹ̀ kò wúlò fún un mọ́ torí kò ní fò mọ́ láé, ẹran yẹn á yọ́ nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, á di oúnjẹ tó ń fi ẹnu fún ọmọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá ń tàn sí i, tí ilé rẹ̀ sì ń mì, ó lè rò pé ọ̀tá ti rí òun, kó jẹ ẹyin rẹ̀ kí agbára inú rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Ní oṣù karùn-ún mo rí òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ déètì sára sírínjì, mo gbé e fún ìyá àgbà kó bá mi tì í mọ́nú àpótí aṣọ rẹ̀, mo ní bí kò bá ṣe Sátidé, kó má fún mi. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá oògùn ni. Sátidé àkọ́kọ́, ẹyin márùn-ún. Sátidé kẹta, ìdin funfun ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìdin wé ara wọn sínú àpò tó rí bí kóró ìrẹsì. Bí a bá ṣí òkúta lóko tí a rí èèrà tó ń gbé irú àpò yìí sá, ẹyin èèrà la máa ń pè é. Kì í ṣe ẹyin o. Ẹyin gan-an kéré bí kóró iyọ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógójì, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde. Ó kéré gan-an, torí ìyá nìkan ló bọ́ ọ. Ìyá àgbà wò ó, ó ní, "Ìyá yìí gba ààwẹ̀ ju tàwa lọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń béèrè wọn lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá jáde ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Èèrà tó dàgbà kò lè gbé nǹkan líle mì, nǹkan olómi ló ń mu. Ìdin ló nílò ẹran jù. Nítorí náà mo ń fún wọn ní ẹ̀kán oyin kan àti itan ìrẹ̀ kan, mo sì ń kó àjẹkù dànù lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n pé 11, àbúrò mi ràn mí lọ́wọ́, ó ṣa ẹ̀fọn kú sínú ilé fún wọn. Kò mọ̀ pé a ti fín oògùn ẹ̀fọn lálẹ́ àná. Mẹ́rin kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sunkún ju mi lọ, n kò lè nà án. Ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi mú láàyè nìkan ni wọ́n ń jẹ báyìí. Kí wọ́n má sì sá, mo gbé ilé wọn sáàárín abọ́ omi, bí ìyá mi ṣe ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ gan-an.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. John Lubbock, onílé báńkì àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlú Ọba, sin èèrà sáàárín gíláàsì méjì nínú ilé rẹ̀. Ìyá èèrà kan tó mú ní 1874 wà láàyè títí di 1888. (Lubbock yìí náà ló gbé òfin ọjọ́ ìsinmi báńkì kalẹ̀ fún wọn ní 1871, ẹni tó mọ iyì ìsinmi ni.) Ṣùgbọ́n lónìí, ó ti di òwò ńlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ní Naivasha ní Kẹ́ńyà, wọ́n mú ọmọkùnrin méjì láti Bẹ́ljíọ̀mù, ọmọ ọdún 19 ni àwọn méjèèjì, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìyá èèrà nínú ìgò wẹ́wẹ́ tó lé ní 2,000. Òwú wà nínú ìgò wọn bíi ti sírínjì mi. Ní oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà, tàbí kí wọ́n lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa ní ṣé nítorí èèrà lásán ni. Ó dáa, ẹ ka 5,000 ìyá sí 5,000 ilé tí kò ní sí mọ́. Èèrà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ èèrà pupa tó ń rán ewé máńgòrò pọ̀, tó ń lé wa sọ̀kalẹ̀ lórí igi? Òwú tó ń jáde lẹ́nu ìdin rẹ̀ ló fi ń rán an, á máa gbé ọmọ lọ sókè sódò bí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ṣe ń ju ọkọ̀. Ní Borgou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lápá Parakou, àwọn olùwádìí rí i pé igi máńgòrò tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin tó ń ba èso jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bàjẹ́. Àwa ńkọ́? Iná la ń sọ sí wọn.

Nítorí náà, ìyá kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, ẹ má tà á, ibi tí ẹ ti mú un ni kí ẹ dá a padà sí.

Èyí gan-an ló di ọ̀rọ̀ nílé wa báyìí. Ìyá mi ní kí n kó wọn síta, kí n jókòó ka ìwé WAEC. Mo ní ilẹ̀ ti ń gbẹ, ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn èèrà ẹ̀yìnkùlé á pa wọ́n lọ́jọ́ kan náà, torí wọn kò tíì pọ̀. Ìyá àgbà dá sí i. A ti fẹnu kò sí àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó ń bọ̀, bí ipò mi kò bá já wálẹ̀ ní tááàmù yìí.

Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n jẹ́ 26 pẹ̀lú ìyá wọn. Màá gbé wọn wá sí láàbù Bàọ́lọ́jì lọ́jọ́bọ̀ nígbà ìsinmi ránpẹ́. Ẹ máa wọlé ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọn sírínjì náà.